Ṣòkòtò Àkàbà àti Kóòtù Tíṣà Àgbà

Bí ènìyàn bá ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, iwájú orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Iwájú orí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbọ́ ìròyìn náà títí, ó ti sú u. Akunlé ni. Ògiri tí àwọn akunlé yòókù ń gun àkàbà kí ọwọ́ wọn tó tó o, ilẹ̀ lásán lòun máa ń dúró sí. Yóò kàn na ọwọ́, ọ̀dà á sì dé ibi tó yẹ kó dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àkàbà. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ń pè é ní Dádì nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn, á ní, "Ẹ̀yin òpó iná yìí."

Gíga yẹn dára fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dára fún aṣọ. Kò sí ṣòkòtò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó lè dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá gùn díẹ̀, ìdí rẹ̀ á fẹ̀ débi pé ènìyàn méjì lè yá ibẹ̀ gbé láì jà. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, àárín ojúgun ló ti máa ń dágbére fún un. Ó ń rìn kiri bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá, tí odò ọ̀hún kò sì sí níbì kankan. Ó gbé aṣọ lọ bá télọ̀ títí. Èyí tó wà lẹ́bàá ilé wọn gan-an ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ọkùnrin náà na téèpù láti ìbàdí rẹ̀ títí téèpù fi tán, ó wo ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó wá ká téèpù rẹ̀ padà.

"Bọ̀dá," ló wí, "ẹ má bínú o. Iṣẹ́ tiyín kì í ṣe aṣọ rírán. Ilé kíkọ́ ni."

Ní ìparí òpópónà wọn, obìnrin kan wà tó máa ń tẹ́ tapolíìnì sílẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tó ń ta òkìrìkà lórí rẹ̀, aṣọ àlòkù tí wọ́n tú jáde nínú béèlì, tó ga bí òkìtì ọ̀gán. Ìyàwó Àkàbà ló máa ń lọ ṣà níbẹ̀. Ọjọ́ tí Àkàbà tẹ̀ lé e lọ bá a gbé ẹrù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, ó mú ṣòkòtò dúdú kan, kò dé ilẹ̀. Ó mú òmíràn, òun náà kò dé ilẹ̀. Ó mú méjèèjì dání pọ̀, ó ń wò wọ́n, ó wá bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè tó yí ayé wọn padà:

"Bí ọ̀kan ò bá dé ilẹ̀, ṣé méjì náà ò ní dé ni?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun rò pé àwàdà ni.

Máṣíìnì ìránṣọ kan wà nílé wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ìyàwó ló rà á, ó ní òun á máa rán aṣọ ara òun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, òdòdó oníke ló ń gbé orí rẹ̀. Àkàbà gbé òdòdó kúrò, ó nu eruku, ó fẹ́ jókòó. Orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ tábìlì. Ó tì í, tábìlì dìde. Ó fà á sẹ́yìn, máṣíìnì fẹ́ ṣubú. Ó wá jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó kó garawa ọ̀dà mẹ́rin tó ti ṣófo wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan lé garawa kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó. Orúnkún wọlé wẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè lo máṣíìnì náà àfi bó bá dúró.

Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó rán, ẹsẹ̀ kan dojú kọ iwájú, ìkejì dojú kọ ẹ̀yìn. Nígbà tó fẹ́ dìde láti lọ fi han ìyàwó rẹ̀, máṣíìnì tẹ̀ lé e. Ó ti rán etí ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò náà.

"Mọ́mì!" ló pariwo. "Ẹ mú àlùmọ́gàjí wá!"

Ìyàwó dé, ó wò ó. "Kí n gé èwo? Ṣé kí n gé ṣòkòtò ni, àbí ṣẹ́ẹ̀tì, àbí kí n kúkú gé ẹ̀yin fúnra yín kúrú, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀?"

Èkejì dára ju àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì dojú kọ ibì kan náà. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tó ń ta káàdì ìpè fóònù lójú títì ń bi í bóyá ọ̀dà ló tán nígbà tí wọ́n ń kùn ún dé orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, àmọ́ ó tún là á lójú. Akunlé kúkú ni. Ó mọ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ kun ògiri ní àwọ̀ méjì, kì í fi ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé pamọ́. Ńṣe ló máa ń fa ìlà kan tó gún régé síbẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà sí ibi tí ó bá ti so aṣọ pọ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ní ìlà lórúnkún, apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìlà nígùnpá, ọwọ́ aṣọ sì wá ń dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ọmọ ènìyàn. Àwọn ọlọ́fófó ojú títì rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn yọ́ wá bá a ní kọ̀rọ̀, ó ní ṣé ó lè fa irú ìlà yẹn sí tòun náà.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, wá sọ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, àti pé àwọn òbí ọmọkùnrin náà ń bọ̀ wá kí wọn ní ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Bàbá rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí," ọmọ náà wí. "Tíṣà Àgbà ni wọ́n ń pè é. Dádì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má wọ èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta."

"Ta ló fẹ́ wọ ìyẹn?" Àkàbà dáhùn. "Kóòtù àti ṣòkòtò ni n ó wọ̀, odindi. Àwọ̀ eérú."

Ó sì wá a lọ lóòótọ́. Nínú òkìtì òkìrìkà, ó rí kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú ti ọkùnrin gíga kan, ṣùgbọ́n gíga ọkùnrin ọ̀hún kò tó tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní abẹ́ òkìtì pátápátá, ó fa kóòtù kan jáde tó kúrú, tó fẹ̀, àwọ̀ eérú kan náà, tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n. Aṣọ gidi ni. Ó fi ọwọ́ pa á lára, ó dùn mọ́ ọn. Nígbà tó délé, ó tú u palẹ̀. Iwájú kóòtù náà méjèèjì ló fi ṣe ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, ó fi díẹ̀ lára ẹ̀yìn rẹ̀ fa ọwọ́ kóòtù ọkùnrin gíga yẹn gùn. Ó ku ìṣòro kan: àpò àyà kóòtù kúkúrú yẹn bọ́ sí ojúgun òsì, lábẹ́ orúnkún gan-an. Àbàwọ́n yíǹkì pupa kan tún wà lábẹ́ àpò náà tó bí ìka. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, kò lọ.

"Dádì," ọmọ rẹ̀ ní, nígbà tó rí i, "ta ló ń ní àpò lójúgun?"

"Ẹni tó bá ga bíi tèmi ni. Bí mo bá jókòó, ìdí mi wà nílẹ̀, orúnkún mi wà lójú ọ̀run. Àpò wo ló tún wá sún mọ́ ọwọ́ mi tó ìyẹn? Ibẹ̀ ni n ó máa fi áńkáṣíìfù sí."

"Yíǹkì ńkọ́?"

"Ta ló máa wá wo ojúgun mi?"

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Tíṣà Àgbà ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó rí rìbìtì. Òun ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìntì lára rẹ̀. Bó ṣe wọ pálọ̀, ńṣe ló ń wo àga àti tábìlì bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé kíláàsì. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, obìnrin pẹ̀lẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọkùnrin wọn sì wà lẹ́yìn. Ìkíni àwọn bàbá méjèèjì gba àkókò, nítorí pé ọ̀kan ní láti sọ̀kalẹ̀, ìkejì sì ní láti gòkè, kí ọwọ́ wọn tó pàdé.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Àga pálọ̀ wọn rọ̀, ó sì kéré. Tíṣà Àgbà jókòó, ó rì wọnú tìmùtìmù títí ó fi ku orí. Àkàbà jókòó sí òdìkejì, nítòsí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì dìde bí òkè méjì láàárín wọn. Ìyàwó ilé gbé tíì àti bisikíìtì wá. Gbogbo nǹkan ń lọ geerege.

"Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ mi yìí," Tíṣà Àgbà bẹ̀rẹ̀, "ni pé ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọ̀rọ̀ sùúrù ni. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Tọkọtaya tó bá ń bá ara wọn sọ òtítọ́..."

Ojú rẹ̀ ti dúró sí ibì kan. Ojúgun òsì àna rẹ̀ ló dojú kọ ọ́ gbọnrangandan: àpò, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́, àbàwọ́n yíǹkì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé ibi tí ojú ọkọ rẹ̀ lọ. Bisikíìtì tó fẹ́ fi sẹ́nu dúró lọ́nà.

"Ẹ̀ẹ́!" obìnrin náà pariwo lójijì. "Ilé yín mà tutù o! Ta ló kun ògiri yìí? Bàbá, ẹ wo ògiri! Ẹ wo òkè níbẹ̀!"

Tíṣà Àgbà kò wo òkè.

"Àna mi," obìnrin náà tún kọjú sí Àkàbà, ó gbé tíréè tíì lọ́wọ́ méjèèjì, "ẹ bá wa gbé èyí lé orúnkún yín. Àní kí ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ òsì. Ó máa dára níbẹ̀."

Àkàbà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ àna kò ṣeé kọ̀. Ó na ọwọ́ sí tíréè.

"Màmá," Tíṣà Àgbà wí pẹ̀lú ohùn tó fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ tẹ́lẹ̀, "gbé tíréè yẹn sílẹ̀." Ó yíjú sí Àkàbà. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi fi ọmọńdinrín ọwọ́ yín bọ àpò yẹn."

"Àpò wo, sà?"

"Èyí tó wà lójúgun yín."

Àkàbà yọ áńkáṣíìfù, ó ti ìka bọ̀ ọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí apá òsì, nísàlẹ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀."

Ìka Àkàbà lọ, ó wá, ó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára irun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu yà á. "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́! Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bíírò mi ló dá ihò yẹn lu," Tíṣà Àgbà dáhùn. "Bíírò mi náà ló da yíǹkì sílẹ̀. Kóòtù mi lẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn."

Ọmọbìnrin gbé tìmùtìmù kékeré kan, ó fi bo ojú. Ọmọkùnrin ń wo àjà ilé bí ẹni tí wọ́n ní kó ka pákó rẹ̀. Àkàbà dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gílóòbù iná, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú.

"Ẹ foríjì mí, sà. Mi ò jí i o, òkìrìkà ni mo ti rà á. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ fún yín nísinsìnyí."

"Dádì!" Ìyàwó rẹ̀ ti fo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jókòó! Ẹni tó bá bọ́ ṣòkòtò níwájú àna, kí ló tún kù tó máa fi bojú?"

Àkàbà jókòó. Orúnkún dìde padà. Tíṣà Àgbà wá yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dojú kọ ìyàwó tirẹ̀.

"Màmá. Alágbàfọ̀ ńkọ́?"

"Alágbàfọ̀ wo?"

"Èyí tí o ní ó sọ kóòtù mi nù. Èyí tí mi ò kí mọ́ láti ìgbà náà. Èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín títì, tí mo ń wo ojú ọ̀run."

Obìnrin pẹ̀lẹ́ náà gbé tíréè sílẹ̀ wàyí. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, tó ń wá ibi tó máa gbà jáde.

"Èmi ni mo fi tọrẹ fún àwọn tó ń kó aṣọ àlòkù kiri!" ló wí. "Èmi ni! Kóòtù yẹn ti wà kí n tó lóyún ọmọ yìí. Òun lẹ wọ̀ nígbà ìkómọ rẹ̀. Òun lẹ wọ̀ lọ síbi ìsìnkú bàbá mi. Òun lẹ wọ̀ lọ sí òkun, tí àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́! Ẹ lọ wo gbogbo fọ́tò ilé wa. Ọmọ ń dàgbà, èmi ń hu ewú, kóòtù yẹn nìkan ni ìgbà ò kàn. Ó wá ń ṣe mí bíi pé òun lẹ fẹ́, èmi kàn wá bá a gbé ni."

Ìyàwó Àkàbà ni ẹ̀rín kọ́kọ́ borí. Ó fi ọwọ́ di ẹnu, ó fi di imú, ẹ̀rín náà gba etí jáde. Ọmọkùnrin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tìmùtìmù tó wà lójú ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tíṣà Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde kúrò nínú àga, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán yí ojúgun Àkàbà po.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Télọ̀ tí mo gbé e fún kí ó bá mi tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní aṣọ náà ti kú, kí n lọ sin ín." Ó pa á lára díẹ̀, bí ẹni ń pa ológbò lára. Lẹ́yìn náà ó nàró, ó wo ibi tí àpò náà wà lẹ́sẹ̀ Àkàbà, ó wo àyà ara rẹ̀, ó tún wo àpò. "Hẹn. Èmi ò kúkú rí ìyàtọ̀. Láti ilẹ̀ dé ibi tí ó wà yẹn, ibi tó wà lára mi náà nìyẹn."

Ìgbà yẹn lòun náà tó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí ẹnì kan kò rò pé ó lè wà nínú ọ̀gá ilé-ìwé. Tíì tutù, wọ́n tún òmíràn sè.

Kí wọ́n tó lọ, Àkàbà gbé ọ̀rá kan jáde láti abẹ́ máṣíìnì. Ìyókù kóòtù náà ló wà nínú rẹ̀: apá méjì, kọ́là, àbọ̀ ẹ̀yìn. Tíṣà Àgbà wò wọ́n bí ẹni tó rí àwọn mọ̀lẹ́bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àkàbà ní òun lè fi wọ́n àti aṣọ òkìrìkà díẹ̀ rán wẹ́sìkóòtì fún un. Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ láti wá wọn ọ́n. Ńṣe ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tó wà lórí garawa, bíírò pupa lọ́wọ́, tó ń fi í kọ àmì X sí ibi tí òwú bá ti tẹ̀. Nígbà tí Àkàbà máa fi parí rẹ̀, ó ti gbàgbé ara ẹni tó ń rán an fún. Tíṣà wọ̀ ọ́, ó dé orúnkún rẹ̀.

"Àna mi," ló wí, "ṣé wẹ́sìkóòtì lẹ rán ni, àbí kaba?"

Wọ́n gé e. Aṣọ tí wọ́n gé kúrò tó láti fi rán àpò ìfàlọ́wọ́ fún ìyàwó Tíṣà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní òun kò fẹ́, òun kò fẹ́ rí i, kí wọ́n jọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ ló le díẹ̀. Tọkọtaya náà jọ lọ bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin jẹ́wọ́, ọkùnrin bọ́ fìlà, ó ní òun ti ṣe ohun tí kò yẹ àgbà. Alágbàfọ̀ gbọ́ wọn títí láì gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ tó ń lọ̀. Ó wo wẹ́sìkóòtì tó wà lọ́rùn Tíṣà, ó wo àwọn ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀.

"Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ yín, sà," ló wí. "Kò sí nǹkan nínú mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn tó wà lọ́rùn yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa fọ̀ ọ́ nílé."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú fọ́tò, Àkàbà dúró gbọnrangandan. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń ya fọ́tò bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ńṣe ló máa ń rọra tẹ orúnkún kí ṣòkòtò lè bo ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó na ara tán, ìṣẹ́tí ṣòkòtò rẹ̀ sì bà lórí bàtà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ dípò kámẹ́rà. Ó ní òun fẹ́ rí i dájú ni.

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá dé ìdí tapolíìnì òkìrìkà ní Sátidé, ẹ ó bá àwọn àna méjèèjì níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣa òkè òkìtì, ìkejì ń ṣa abẹ́ rẹ̀, wọn kì í dí ara wọn lọ́wọ́. Ìjà wọn kì í ju ti kóòtù lọ.

"Ó fẹ̀ tó mi," Tíṣà á wí, á di apá kan mú.

"Ó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi, sà," Àkàbà á fèsì, á di apá kejì.

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á kó ohun tí wọ́n rà lọ sídìí máṣíìnì. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù kò ní aṣọ wọn ti ń wá síbẹ̀ báyìí: àwọn tó ga jù, àwọn tó sanra jù, ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àkàbà ń gé, ó ń rán. Tíṣà ń fi bíírò pupa wá àṣìṣe.

Ìyàwó Tíṣà ni kò rí ọ̀nà àbáyọ. Àkúnya ni kóòtù nínú yàrá rẹ̀ báyìí, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wà lórí àga, ọ̀kan wà lórí ìbùsùn ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn. Ó wá sọ́dọ̀ ìyàwó Àkàbà láìpẹ́ yìí, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Àna mi, ẹ gbà mí. Kóòtù kan ṣoṣo ni mo lé jáde nílé mi. Ó lọ, ó sì kó gbogbo ìran rẹ̀ padà wá bá mi."